Oògùn Kasha àti Ohun Tó Wà Lọ́rùn Rẹ̀

Darka ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ ní Toronto níbẹ̀, àlàáfíà fún ilé gíga tí ò ń gbé àti fún ẹ̀rọ tó ń gbé ọ gòkè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó má ṣe dá ọ dúró sí agbede méjì láéláé. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun àárọ̀? Ọlọ́run tó ṣọ́ wa láti oṣù kẹwàá tí yìnyín àkọ́kọ́ ti bọ́ títí di òní tó ti ga dé ìdajì fèrèsé ilé ìdáná, òun náà ni kó máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ, kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lójú àwọn tí kò mọ̀ ọ́. Àmín.

Àwa náà wà. Màlúù mẹ́rìnlá wà. Adìyẹ mẹ́ta bá òtútù lọ, ṣùgbọ́n wọn ò yé ẹyin mọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà mi ò sunkún púpọ̀. Stefka aládùúgbò wa kí ọ, ó ní orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ fún òun ń ṣe dáadáa, àfi pé ó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí rédíò tó mọ̀. Àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì fi ìyẹ̀fun pípò wé ọ̀dùnkún, a ṣe pyrohy ẹgbẹ̀fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì rà á tán kí ó tó di ọ̀sán. Ọwọ́ mi ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

O ní kí n máa kọ̀wé sí ọ lórí fóònù, pé lẹ́tà ń pẹ́ lọ́nà. Mo gbìyànjú, Darka. Ṣùgbọ́n fóònù tí o rà fún mi yìí, ó ń sọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ ọ́. Mo kọ "Bàbá rẹ", kí n tó gbé ìka, òun ti kọ "ń bọ̀" síwájú mi. Bàbá rẹ ò lọ ibì kankan, ó jókòó tì mí ó ń bó ọ̀dùnkún. Ẹ̀rù bà mí, mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí n kọ̀wé pé Kasha ológbò rẹ kò yá, bí mo ṣe dé "Kasha kò", ó ní "burú". Mo pa á rẹ́, ó tún ní "burú". Nǹkan tó mọ tó báyìí, tó wá ń parọ́ fún mi lójú ara mi, mo gbé e sílẹ̀ mo sì mú bírò.

Nítorí Kasha kò yá lóòótọ́. Má fò sókè o. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sùn sínú fìlà bàbá rẹ, ó sì ń hanrun. Fi ara balẹ̀ kí o kà á dé ìsàlẹ̀.

Láti Kérésìmesì ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bọ́ sí oṣù kìíní ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ ènìyàn méjì tó sì ń gbẹ lọ. Ó máa jẹ tirẹ̀, ó máa jẹ tèmi, ó máa wá dúró síwájú ògiri lásán lọ́sàn-án gangan, ó máa máa ké mọ́ ọn bíi pé ògiri jẹ ẹ́ lówó. Bàbá rẹ ní ọjọ́ ogbó ni, ológbò ọdún méjìlá kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀nà ìlú Dauphin, níbi tí dókítà ẹranko wà, ti dí fún yìnyín, kò sí bí a ṣe fẹ́ gbé e lọ. Stefka ló wá sọ pé dókítà ẹranko ti ń yọjú nínú fóònù báyìí. Mo ní yọjú báwo? Ó ní ojú ni kẹ̀.

Kí dókítà tó lè yọjú, fọ́ọ̀mù kan wà lórí fóònù tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ. Ó béèrè orúkọ aláìsàn, mo kọ Kasha. Ó béèrè orúkọ ìdílé, mo kọ Sawchuk, nítorí mi ò mọ ìdílé mìíràn tó ní. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí n fọwọ́ sí i pé èmi kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Darka, mo jókòó, mo ro ara mi wò. Ọ̀rọ̀ ìbúra kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré, mo bá pe bàbá rẹ láti abà kó wá jẹ́rìí. Ó bọ́ bàtà, ó dúró lẹ́yìn mi, ó sọ fún fóònù pé òun ti fẹ́ obìnrin yìí láti ọdún mọ́kànlélógójì, pé ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ ni. Mo wá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kò tó o. Ó gbé àwòrán mẹ́sàn-án jáde, ó ní kí n tọ́ka sí ibi tí iná ojú pópó wà. Mo sọ òótọ́ fún un pé kò sí, nítorí láti ilé wa dé Dauphin, kò sí iná ojú pópó kankan, ìwọ náà mọ̀. Ó ní mo kùnà. Ó wá béèrè kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tìrẹ nìkan ló wà nílé yìí, abẹ́ koríko ló sì wà nínú abà, kò sí nínú àwòrán yẹn. Báyìí la ṣe ń bá a fa ọ̀rọ̀ títí Stefka fi dé, tó gba fóònù lọ́wọ́ mi, tó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ilẹ̀kùn sì ṣí. Mi ò mọ ohun tó sọ fún un.

Mo wé ìborí mi olódòdó tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo nu tábìlì, mo gbé àwo pyrohy kan síwájú fóònù pẹ̀lú àlùbọ́sà díndín, nítorí ẹnì kan kì í wọlé wa kó má fi ẹnu kan nǹkan. Dókítà sì yọjú lóòótọ́, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí, Ainsley lorúkọ rẹ̀. Ó ní ẹ káàárọ̀ mà, àwọn pyrohy yẹn mà dáa o, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn rẹ̀. Ní Dauphin tó wà! Mo pe bàbá rẹ kó wá gbọ́. Ọmọ náà ní kí n fi ọwọ́ lé àyà Kasha kí n máa ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù fún òun. Mo kà á títí mo fi sọ nù. Ọkàn náà ń lù bí òjò líle lórí páànù. Ojú dókítà yí padà, ó ní bí ọ̀nà bá ti là ní Ọjọ́rú, òun ń bọ̀ wá wo abo màlúù wa tó lóyún, òun á gba ẹ̀jẹ̀ ológbò náà pọ̀ mọ́ ọn.

Ó sì wá. Orí tábìlì tí o ti máa ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ ló ti gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ológbò, Darka, pupa ni bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ìwé dé pẹ̀lú ìgò oògùn, wọ́n sì kọ ọ́ sára ìgò náà gàdàgbà pé KASHA SAWCHUK. Bàbá rẹ gbé e yí, ó yí i, ó ní ajá òun Boss ṣọ́ màlúù fún ọdún mẹ́rìnlá, kò sẹ́ni tó fún un lórúkọ ìdílé.

Àlàyé tí dókítà ṣe rèé. Ó ní ohun kékeré kan wà nínú ọrùn, pé àwa ènìyàn náà ní in, òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa sáré tó. Ti Kasha ti wú, ó ń lé ara rẹ̀ kiri. Bàbá rẹ tí kì í gbọ́ tàwọn dókítà, ó gbọ́ tibí yìí lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní bíi katakata tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń pariwo láìgbé ẹrù, ó máa jó ara rẹ̀ tán ni. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá, láìsí oògùn yìí ọkàn rẹ̀ ò ní lè fara dà á di ìgbà ìgbìn. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan ní ìrọ̀lẹ́, títí ayé rẹ̀. Hóró náà kò tó ìdajì èékánná ìka mi tó kéré jù. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé èyí náà ni?

Ọmọ mi, mo ti bí ọmọ, mo ti fi ọwọ́ fa ọmọ màlúù jáde nínú ìyá rẹ̀, mo ti tọ́jú ìyá bàbá rẹ lórí àìsàn fún ọdún mẹ́fà. Mi ò tíì rí irú èyí rí.

Mo fi hóró náà sínú sọ́séèjì. Kasha jẹ sọ́séèjì, ó fi hóró sílẹ̀ láàárín àwo, ó mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́. Mo lọ̀ ọ́ sínú ọ̀rá wàrà. Ó wo wàrà, ó wo mi, ó sì lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí kí ọlọ́pàá dé. Dókítà tún bú mi fún lílọ̀ tí mo lọ̀ ọ́, ó ní oògùn yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lọ̀. Ó ní kí a fi aṣọ ìnura wé e, kí orí rẹ̀ nìkan yọ. Mo wé e bí a ṣe ń fi ewé kábéèjì wé ìrẹsì, mo wé e le dáadáa, mo yíjú kí n mú oògùn, nígbà tí mo yíjú padà aṣọ ìnura wà níbẹ̀, ó ṣì wé rogodo, kò sí ológbò nínú rẹ̀. Mo tú u láti wò ó. Mo gbọn ọ́n. Mo sọ fún Stefka, kò gbà mí gbọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbà á. Mo dúpẹ́, mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, mo rí hóró náà nínú bàtà mi. Ó gbé e sẹ́nu kiri fún wákàtí kan, Darka, ó fi ń jẹun, ó fi ń wẹ ara rẹ̀, ó sì mọ bàtà ẹni tó fi í sí. Mo ka hóró mẹ́fà nílé yìí ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀kan wà nínú ìkòkò òdòdó, òdòdó náà sì ti yọ ewé tuntun.

Bàbá rẹ ò dá sí i ní gbogbo ìgbà yẹn. O mọ bó ṣe rí. Láti ọdún mẹ́ta tí o ti lọ, kò pe orúkọ ológbò yẹn rí, "ológbò Darka" ló ń pè é, bó ṣe ń sọ pé "yàrá Darka", bíi pé orúkọ ibì kan ni orúkọ rẹ. Ó ti sọ lọ́jọ́ tí ẹ jà pé bí o bá gba iṣẹ́ Toronto yẹn lọ, kí o má retí pé òun á máa bá ọ sọ̀rọ̀ nínú fóònù, o sì mọ̀ pé bó bá gbé e tó gbọ́ ohùn rẹ, "ìyá rẹ rèé" nìkan ló ń sọ. Mi ò fi èyí bú u. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú abà, ó ń wọlé, ó ń jẹun, ó ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Kasha wọ abẹ́ ààrò onígi lọ, kò jáde mọ́. Kò jẹun láàárọ̀. Kò jẹun lọ́sàn-án. Mo nawọ́ sí i, mo kan egungun ẹ̀yìn rẹ̀, ó dà bíi pé mo ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí igi, mo ń sunkún, nítorí mo ń rò ó bí mo ṣe máa kọ ọ́ sí ọ. Bàbá rẹ wọlé, yìnyín wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wò mí, ó wo abẹ́ ààrò. Kò bọ́ kóòtù. Bàbá rẹ tí orúnkún rẹ̀ kì í tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ó dojúbolẹ̀, ó nà gbalaja sórí ilẹ̀ ilé ìdáná mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pákó.

Ó ní, Kasha.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní, Kasha, jáde jàre, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ó ní ó máa ń dúró sí ọ̀fun bí òkúta, àbí? Wàá rò pé o ò ní lè mí mọ́. Ó ní, èmi náà ò lè gbé e mì, ọ̀rẹ́ mi.

Mo ní, Bàbá Darka, kí ni o ò lè gbé mì? Kò wẹ̀yìn. Ó ní kí n lọ wo inú agolo ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo lọ. Mo ṣí i. Kò sí ìṣó níbẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló kún un dé ẹnu, ti ọdún méjì odidi, gbogbo èyí tí mo ti fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀ láràárọ̀ tí mo sì ń wò ó tó ń gbé sẹ́nu. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí oògùn yẹn láìmọye ìgbà! Ó sì sọ fún abẹ́ ààrò, kò sọ fún èmi, pé nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, hóró oògùn kan há òun lọ́fun, òun dúdú, ìyá òun di òun lẹ́sẹ̀ méjèèjì mú, ó dorí òun kodò lójú àwọn àlejò, ó ń gbá òun lẹ́yìn. Ó ní láti ìgbà náà, bí òun bá ti rí hóró, ọ̀fun òun á ti ara rẹ̀ pa. Ọdún mọ́kànlélógójì, Darka, mo ń bá a sùn mo ń bá a jí, ológbò ló kọ́kọ́ gbọ́.

Bàbá rẹ ní kí n gbé bọ́tà wá, kí n mú hóró tirẹ̀ àti ti Kasha wá. Mo fi tirẹ̀ sí àwo pupa, mo fi ti Kasha sí àwo búlúù, mo ka orúkọ ara ìgò lẹ́ẹ̀mẹta kí n má bàa sọ ọkọ mi di ológbò. Ó fi bọ́tà pa tirẹ̀ yíká, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga, ó jù ú sẹ́nu. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo di ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀ mú bíi pé ó fẹ́ jábọ́. Ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀. Ó wá lanu gbàgà sí abẹ́ ààrò, ó ní, wò ó, ó ti lọ.

Imú Kasha ló kọ́kọ́ jáde, irun imú tẹ̀ lé e, orí tẹ̀ lé e. Ó wá ń gbóòórùn ẹnu bàbá rẹ níbi tí bọ́tà wà, ó fi ahọ́n kan ètè rẹ̀. Bàbá rẹ pẹ̀lú ìka gbígbòòrò yẹn tó fi ń tú nọ́ọ̀tì katakata, ó rọra ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó fi hóró tí bọ́tà bò sẹ́yìn ahọ́n, ó pa ẹnu náà dé, ó ń ra á lọ́fun, ó ń sọ pé rọra, rọra, rọra. Mo gbọ́ ìgbà tó gbé e mì. Kasha lá imú rẹ̀, ó sì lọ jẹun. Àwa méjèèjì ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, a ń wo ara wa bí ẹni tí ìyanu bá nílé.

Láti ọjọ́ náà, aago méje àárọ̀ àti méje ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Láàárọ̀ bàbá rẹ máa gbé tirẹ̀ mì, ó máa lanu fi hàn án, ó máa fún un ní tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí òun ò ní oògùn, ó máa fi bọ́tà lásán sẹ́nu, ó máa díbọ́n, ó ní kò yẹ kí Kasha rò pé òun nìkan ni ayé ń jẹ níyà. Nígbà tí bàbá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó pe nọ́ọ̀sì kejì wá. Ó ní Bàbá, kí lẹ yí padà? Bàbá rẹ ní ológbò ni. Nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà ti là, nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, a gbé Kasha lọ sí Dauphin kí wọ́n lè tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti fara balẹ̀, ó ti sanra díẹ̀. Ó wá sọ pé òun mọ̀ pé ogun ni hóró, pé oògùn kan náà wà bí ìpara tí wọ́n ń fi pa ológbò létí, kò ní la ìjà lọ. Oògùn tó ń gba etí wọlé bí òfófó! Inú mi dùn, mo ti ń ṣí àpò mi. Bàbá rẹ ní rárá. Ó ní ẹ ṣeun, dókítà, hóró náà dára, àwa méjèèjì ti mọ́ ọn lára. Mo pa àpò mi dé, mo sì wo ibòmíràn.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi gbé bírò gan-an. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan bíi ṣíbí ńlá, ó ní gbogbo ológbò tó bá wọlé ni wọ́n ń ṣe é fún, ó fà á kọjá lórí ọrùn Kasha. Ó dún píì. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó sì kà á síta pé Darka Sawchuk, Toronto, ó ka nọ́ńbà fóònù rẹ láìṣi ọ̀kan. Mo di tábìlì mú. Mo ní níbo lo ti rí ọmọ mi? Ó ní nínú ọrùn rẹ̀ ni, mà. Ó ní nǹkan kan wà lábẹ́ awọ níbẹ̀ bí hóró ìrẹsì, ìwọ lo ní kí wọ́n fi síbẹ̀, pé ibikíbi tó bá sọnù sí láyé, ìwọ ni wọ́n máa rí. Darka! A ti ń wá ọ ní gbogbo ojú fèrèsé láti ọdún mẹ́ta, o sì wà nílé, o ń sùn lórí àga wa!

Bàbá rẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kọ nọ́ńbà Toronto yẹn sí i. Ọmọ náà wò ó, ó ní oṣù kẹsàn-án, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bàbá rẹ ní oṣù tí Darka kúrò nílé nìyẹn. Ó tún un sọ, ó ní oṣù tó kúrò nílé gan-an. Ó wakọ̀ délé láìtan rédíò, Kasha wà nínú kóòtù rẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá ò ń gbọ́ wa nínú ọrùn yẹn tàbí orúkọ rẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Stefka ní orúkọ nìkan ni, ṣùgbọ́n Stefka náà ló ní ní ọdún mélòó sẹ́yìn pé ènìyàn kò lè rí dókítà nínú fóònù láéláé, òun náà ló sì wá fi dókítà hàn mí. Lọ́jọ́ Àìkú mo gbé ẹnu sún mọ́ ọn, mo bi ọ́ bóyá o jẹun. Bí mo bá pariwo jù, má bínú. Ṣùgbọ́n bó o bá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé bàbá rẹ ni. Ó rò pé mo wà lọ́dọ̀ àwọn adìyẹ. Ó gbé Kasha sórí itan, ó fi ẹnu tì í lọ́rùn, ó ní, Darka, bàbá rẹ rèé. Ó ní abo màlúù aláwọ̀ funfun ti bí, abo ló bí. Ó ní òun ti dí gbogbo ihò fèrèsé yàrá rẹ, atẹ́gùn ò wọlé mọ́, bó o bá wá kò ní í tutù. Ó wá dúró, ó tẹ́ etí sí irun rẹ̀, Kasha sì ń kùn hùn-ùn-hùn-ùn. Bàbá rẹ mi orí. Ó ní, ó dáa, mo gbọ́. Ó rọra gbé e sílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń gbé fóònù padà sí àyè rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹyin mẹ́rin nínú ìborí mi, mi ò lè wọlé, mi ò lè jáde.

Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Bó o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́, wọ́n tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ológbò ní oṣù kẹfà, bọ́tà náà sì ti wọ́n. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, bá báńkì sọ̀rọ̀. Nígbà tó o fi owó ránṣẹ́ kẹ́yìn, kí wọ́n tó fún mi, wọ́n béèrè orúkọ ológbò wa lórí fóònù. Ó wú mi lórí pé ènìyàn ńlá bẹ́ẹ̀ ń béèrè rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Kasha ni, ó ń gbádùn díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣeun. Wọ́n ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo tún un kọ, mo fi ìwọ̀n ara rẹ̀ kún un. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi títí di ọjọ́ kejì.

Ohun kejì ju owó lọ. Pè wá ní aago méje àárọ̀ tiwa, aago mẹ́jọ ni lọ́dọ̀ yín nígbà yẹn, má ṣe pẹ́ má ṣe yá. Ní àkókò yẹn, ọwọ́ kan bàbá rẹ ń di ẹnu Kasha, ọwọ́ kejì ń ra á lọ́fun, kò lè jẹ́ kó lọ, kò sì lè na fóònù sí mi. Èmi ni màá gbé e, èmi ni màá fi tì í létí. Kó o kàn sọ̀rọ̀, sọ ohunkóhun, sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Bó bá fẹ́ tu ọ̀rọ̀ rẹ dànù bí hóró, rọra, má dákẹ́.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ohun rere há ọ lọ́fun. Kí oúnjẹ rẹ máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ lọ́fun ẹnikẹ́ni nínú ilé Sawchuk rí ọ̀nà jáde ní ọdún yìí, kí ẹni tí wọ́n ní in lọ́kàn sì wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Aago méje, Darka. Fóònù á wà lọ́wọ́ mi láti aago mẹ́fà ààbọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Orysia Sawchuk